Ọ̀rọ̀ Dídùn Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì ń lò ó nínú ọ̀ràn ilẹ̀, nínú ọ̀ràn gbèsè àti nínú ìjà tọkọtaya. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí ọ̀ràn bá di ti àìsàn, òwe náà a máa fò wá lórí. Ẹnu dókítà kan ṣoṣo ni a ó gbọ́, ibẹ̀ náà ni a ó sì dá ẹjọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ dókítà yìí bá korò, ìgbà náà ni a tó ń rántí pé dókítà mìíràn wà nílùú. Bí ó bá sì dùn, a ó dúpẹ́, a ó yí padà, a ó gba ilé lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí ni pé ọ̀rọ̀ dídùn gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè pé, "Ẹ̀rí rẹ dà?" pàápàá jù lọ bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa kókó tí obìnrin rí nínú ọyàn rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló kan ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ ìmọ̀ èdè nínú ọ̀rọ̀ ọyàn obìnrin? Ìbéèrè náà tọ́. Èsì mi ni pé nínú ẹbí wa, èmi ni ògbufọ̀. Bí ìwé bá ti báńkì dé, èmi ni wọn yóò pè. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lára ìgò oògùn, èmi náà ni. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá àbúrò ìyá mi ní ọdún 2023, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè bá a lọ.

Ìsọlọ̀ ni Àǹtí mi ń gbé. Aṣọ ni ó ń tà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Oṣòdì, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ alájà ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019. Bí ó bá sì di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a di ẹrù rẹ̀, a gbé e lọ sí ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, níbi tí gbogbo Èkó ti ń wá ra aṣọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nígbà náà. Bí ó ti ń wẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan kan ní ọyàn òsì, ó tóbi tó kóró àgbálùmọ̀, ó le, kò sì dùn ún rárá.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ara àdúgbò ń lọ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ ni mo ṣe mú kálámù. Dókítà ibẹ̀ jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́. Ó fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ wò, ó béèrè bí ó bá ń dùn ún, Àǹtí ní rárá. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀rá lásán ni, pé bí ó bá jẹ́ ohun búburú ni, ìbá ti máa dùn ún. Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà mọ bí ayọ̀ ti máa ń rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pa adìẹ. Ìyá mi ṣe ọpẹ́ lórí fóònù títí owó inú rẹ̀ fi tán. Gbogbo wa ni a gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjà ni ó tún ọ̀rọ̀ náà jí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, oníbàárà kan wá ra aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà ní òun kò gbà pé òwú gidi ni. Àǹtí kò bá a jiyàn. Ó fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ, ó ṣá iná sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta aṣọ ni ó mọ ìdánwò yìí: bí ó bá jẹ́ òwú gidi, a jó bí ìwé ti ń jó, eérú rẹ̀ a sì lẹ́bú; bí ó bá jẹ́ àfọwọ́ṣe onírọ́bà, a yọ́, a ká jọ, a sì di kókó dúdú líle kan. Ti Àǹtí jó bí ìwé. Oníbàárà sanwó, ó lọ. Àǹtí jókòó, ó ń wo eérú ọwọ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó pè mí.

Ó ní, "Akọ̀wé mi, aṣọ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ náírà, a kì í fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n, iná ni a ń fi sí i. Iná wo ni dókítà yẹn wá fi sí ọ̀rọ̀ ara mi?"

Mo ní, "Àǹtí, òótọ́ ni ẹ sọ. Kò fi iná kankan sí i."

Ẹ má rò pé ó rọrùn láti ibẹ̀ lọ. Bí dókítà bá ti ní àìsàn ń bẹ, gbogbo ẹbí ni yóò ní kí a wá dókítà mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá ti ní kò sí nǹkan, ta ni yóò gbà kí a tún lọ? Ọkọ Àǹtí mi, ẹni tí ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ púpọ̀, bínú gidigidi. Ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa, ẹ tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ yín lọ pe àìsàn wálé." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní àìnígbàgbọ́ ni. Aládùúgbò kan ní bí ó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, òun mọ bàbá kan ní Mafolúkù tí àgbo rẹ̀ ń yọ́ kókó. Kò sí ọ̀tá nínú àwọn wọ̀nyí. Ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn, ìbẹ̀rù sì ni ó wà nídìí ìfẹ́ náà. Àǹtí dá wọn lóhùn pẹ̀lú òwe kan ṣoṣo: "Bí ọ̀ràn bá ṣú òkùnkùn, à á bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́." Ó ta ìdì aṣọ méjì ní owó pọ́ọ́kú, ó fi owó náà sínú báàgì.

A wọ dánfó ní Ìyànà-Ìsọlọ̀ ní kùtùkùtù. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo "Oṣòdì wọlé, pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Àǹtí tí ó máa ń bá kọ̀ndọ́kítọ̀ jà nítorí ṣéńjì kò sọ nǹkan kan ní ọjọ́ náà. Ó di báàgì mú títí a fi dé ilé ìwòsàn ìjọba ńlá tí a ń lọ.

Ọmọ Ẹdó ni dókítà tí a bá níbẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá, iṣẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ orí Àǹtí, ìgbà tí ó kọ́kọ́ rí kókó náà, àti bí ẹnikẹ́ni bá ti ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí. Ó fi ọwọ́ tẹ ọyàn méjèèjì àti abíyá méjèèjì. Nígbà tí ó parí, mo retí kí ó sọ pé ó dára tàbí kò dára. Kò sọ ọ̀kankan. Ó ní ọwọ́ òun kò lójú. Ó wá ṣàlàyé pé nǹkan mẹ́ta ni a fi ń mọ irú kókó bẹ́ẹ̀: ọwọ́ dókítà, àwòrán inú ọyàn, yálà mammogram tàbí síkáànì tàbí méjèèjì, àti abẹ́rẹ́ tí a ó fi mú ẹran díẹ̀ nínú kókó náà kí a lè wò ó lábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Ó ní bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ohun kan náà, ọkàn lè balẹ̀. Bí ọ̀kan bá yapa, a kò tíì parí ìwádìí. Ó ní ti pé kò dùn ún kò fi nǹkan kan hàn, nítorí pé jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé kí Àǹtí má bẹ̀rù ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Mo ń túmọ̀, òógùn sì ń bò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa ní ìtumọ̀ ní kíláàsì, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń mú ògbufọ̀ dúró láàárín ọ̀nà. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe àìsàn yìí, inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, alákàn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Karkinos tí àwọn Gíríìkì ń pè é ṣáájú wọn, alákàn náà ni. Krebs tí àwọn ará Jámánì ń pè é, alákàn kan náà ni. Ẹranko odò tí ń rìn ní ìhà ni ojú inú wọn rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ "jẹjẹrẹ" ní Yorùbá, jíjẹ ni etí rẹ̀ ń gbọ́, ó sì ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹjọ́ ikú kí dókítà tó la ẹnu. Mo rò ó nínú ara mi bí mo bá lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn dípò rẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà ti di ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn tí kò ní ẹ̀rí. Mo pè é ní orúkọ rẹ̀. Àǹtí mi orí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi dúró de èsì. Nígbà tí ó dé, dókítà ka ìwé náà, ó gbé ojú sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àǹtí kò wo dókítà, èmi ni ó ń wò. Ó ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Àǹtí, ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ó kéré, kò sì tíì dé abíyá. Ó ní ẹ tètè wá."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ ohun kan tí n kò retí. Ó ní kí n bi dókítà bóyá ẹlòmíràn lè tún fi iná sí i. Mo bẹ̀rù pé dókítà yóò bínú. Kò bínú rárá. Ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó ní kò sí ìdí láti tún gún un ní abẹ́rẹ́, nítorí pé ẹran tí wọ́n mú wà nínú ìda, a sì lè gé e pẹlẹbẹ sórí gíláàsì kí onímọ̀ mìíràn ní ilé ìwòsàn mìíràn wò ó. Ó kọ ìwé fún wa, ó sì kìlọ̀ pé kí ọjọ́ má pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni kejì wò ó, ohun kan náà ni ó rí. Ọkọ Àǹtí ka ìwé méjèèjì, ó tún wọn kà, ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ kí a lọ tọ́jú ara." Ẹnu méjì tí ó ní ẹ̀rí ni ó ṣẹ́gun iyèméjì rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àǹtí, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ó tẹ̀ lé e. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n ti ní kí ó máa wá, ó sì ti padà sí ìdí aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí yunifásítì, mo lọ sí ilé ìkàwé láti mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe ọ̀ràn yìí níbòmíràn. Mo rí i pé àwọn dókítà gan-an ti gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹ̀rí tí ó tó. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, William Halsted, oníṣẹ́ abẹ kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí jẹjẹrẹ bá wà nínú ọyàn, kí a gé ọyàn náà pẹ̀lú iṣan àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ẹran abíyá. Ọ̀nà rẹ̀ di òfin fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àṣà tún wà pé obìnrin yóò buwọ́ lu ìwé, wọn yóò fún un ní oògùn oorun, wọn yóò mú ẹran díẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, wọn yóò gé ọyàn náà lójú oorun kan náà. Bí ó bá ń sùn lọ, kò mọ̀ bóyá ọyàn méjì ni òun yóò bá jí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Betty Ford, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974.

Ní ọdún 1974 yẹn náà ni akọ̀ròyìn kan, Rose Kushner, rí kókó nínú ọyàn tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n jí òun, kí wọ́n sọ fún òun, kí òun lè rò ó kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan. Ọ̀ràn náà le púpọ̀ láti rí dókítà tí yóò gbà. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1975, kò sì dákẹ́. Ní 1979, ìpàdé àwọn onímọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè gbà pé ó yẹ kí a ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ abẹ, kí obìnrin lè ní àyè láti ronú. Ní ti ọ̀nà Halsted, dókítà kan ní Pittsburgh, Bernard Fisher, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná sí i. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1985, wọ́n fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tóbi, bí a bá yọ kókó nìkan tí a sì fi ìtànṣán tọ́jú ọyàn náà, ẹ̀mí wọn kì í kúrú ju ti àwọn tí a gé gbogbo ọyàn wọn lọ. Ẹ wo iye ọdún tí ó gbà kí ẹnìkan tó fi iná sí òwú yìí!

Nílé níbí pẹ̀lú, a kò ṣaláìní àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1997, wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, ẹni tí ọkọ rẹ̀ di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2017. Kò fi í pamọ́. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀. Ohùn rẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí ń pa wa jù ní ilẹ̀ yìí ni pípẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2020, nǹkan bí 2,300,000 obìnrin ni a rí àìsàn yìí lára wọn ní gbogbo ayé, nǹkan bí 685,000 sì kú. Àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tètè rí i, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yè. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ni kì í dé ilé ìwòsàn títí kókó yóò fi di egbò. Bí a bá wá bi wọ́n pé kí ló dá wọn dúró, ẹ óò gbọ́ pé ẹnìkan ti sọ fún wọn pé kò sí nǹkan.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí kọ́. Àkọ́kọ́, kì í ṣe iye ẹnu ni a ń kà, ohun tí ẹnu kọ̀ọ̀kan fi wádìí ni. Dókítà mẹ́wàá tí wọ́n fi ọwọ́ lásán tẹ kókó kò tó ọ̀kan tí ó fi abẹ́rẹ́ wò ó. Ẹni tí ó bá ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi rí ẹni tí yóò sọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kejì ni ó ń wá, ibi ìsápamọ́ ni. Ìkejì, kí a kó gbogbo ìwé àti àwòrán dání lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkẹta, ọ̀sẹ̀ ni kí a fi ka ọjọ́ tí a ó lò, kì í ṣe oṣù. Ìkẹrin, àdúrà dára, mo sì gbà á pẹ̀lú Àǹtí mi, ṣùgbọ́n àdúrà àti àgbo kì í wo inú kókó kí wọ́n sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìkarùn-ún, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín: àwa náà ní ẹran ọyàn, jẹjẹrẹ a sì máa mú ọkùnrin nígbà mìíràn, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀.

Ohun kan kù, èyí sì kan ẹgbẹ́ wa yìí gan-an. Dókítà wà ní Ìsọlọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n wà ní Ìdí-Àràbà ní LUTH, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan sí ní 2019, wọ́n wà ní Ìkẹjà ní LASUTH. Ṣùgbọ́n láàárín dókítà àti ìyá tí ń ta aṣọ, odò kan wà, èdè ni afárá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ èdè wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe kedere fún kókó tí kì í pani àti èyí tí ń pani, fún àyẹ̀wò abẹ́rẹ́, fún ọ̀rọ̀ dókítà kejì. Kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá kan lè fi bi dókítà rẹ̀ léèrè láìwá ògbufọ̀, kí ó sì lóye èsì tí ó bá gbọ́. Bí a bá ṣe èyí, a ti ṣe ohun tí ó ju oyè ìwé lọ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Mo dúró ná. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ.